Kí Lẹ Sè Lálẹ́ Yìí? Ìtàn Ìkòkò Ọbẹ̀ Àwa Ọmọ Yorùbá ní Bassa

  

Nínú ìwé ọdọọdún wa, ìtàn àwọn alága àtijọ́ àti ìtàn àwọn àgbà tó ti lọ la sábà máa ń kọ. Lọ́dún yìí, ìkòkò ọbẹ̀ la fẹ́ kọ ìtàn rẹ̀. Nígbà tí a sọ ọ́ níwájú ìgbìmọ̀, ọ̀kan nínú wa rẹ́rìn-ín, ó ní, "Alága, ṣé ìyẹn náà ni ìtàn? Ẹni tó jẹ ẹ̀bà lánàá ti gbàgbé rẹ̀ lónìí." A kò bá a jiyàn. Àwa tí a ń kọ èyí kò lọ ilé-ìwé púpọ̀. Inú ìwé gbèsè àwọn oníbàárà àti ìwé ìròyìn tí a fi ń di ọjà la ti kọ́ ìwé kíkà. Ṣùgbọ́n a ti kíyè sí i pé ohun tí ènìyàn ń ṣe lójoojúmọ́ ni ẹnikẹ́ni kì í kọ sílẹ̀, òun náà ló sì máa ń kọ́kọ́ sọnù.

Gbogbo ẹni tó bá ti gbé inú àgbàlá kan ní Bassa rí mọ ìbéèrè náà. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, tí àwọn òṣìṣẹ́ ń jáde láti àwọn ilé iṣẹ́ tó wà ní agbègbè wa, tí ọkọ̀ dí oríta Ndokoti pa, obìnrin kan á dé ìdí ẹ̀rọ omi, á wo èkejì rẹ̀, á ní, "Ẹ kú alẹ́ o. Kí lẹ sè lálẹ́ yìí?" Ẹni tó bá rò pé nítorí ọ̀kánjúwà ni wọ́n fi ń béèrè kò tíì gbé ìdálẹ̀.

Ní ilé wa lọ́hùn-ún, oúnjẹ alẹ́ ni oúnjẹ. Ní àárọ̀, ẹ̀kọ àti àkàrà tí a rà lójú ọ̀nà ti tó. Ní ọ̀sán, ohun tí oko tàbí ìsọ̀ bá gbà wá láyè ni a ó jẹ. Ṣùgbọ́n bí oòrùn bá ti ń wọ̀, ìró odó á bẹ̀rẹ̀ láti agboolé kan sí èkejì, ẹni tí ń kọjá lọ á sì mọ ilé tí wọ́n ti ń gún iyán àti ilé tí wọ́n ti ń ro ọkà. Obìnrin tó bá sọ ọbẹ̀ kalẹ̀ kì í bu ti ọkọ àti ọmọ rẹ̀ nìkan. Á bu ti ìyá ọkọ, á bu ti ìyáálé, á sì rán ọmọdé kan pẹ̀lú abọ́ sí ìyá arúgbó tó wà ní ìkangun ilé. Abọ́ náà kì í padà lófìfo. Bí kò bá ṣe iyọ̀ ni wọ́n fi sí i, á jẹ́ ata.

Ọkùnrin Amẹ́ríkà kan, William Bascom, gbé ní Ilé-Ifẹ̀ láti 1937 di 1938 láti kọ́ nípa ìṣe wa. Ní 1951, ó tẹ àròkọ méjì jáde, ọ̀kan lórí oúnjẹ Yorùbá, èkejì lórí bí àwọn Yorùbá ṣe ń se oúnjẹ. Ẹ wò ó bí ọ̀mọ̀wé ṣe la òkun kọjá láti wá béèrè ohun tí ìyá ẹlòmíràn sè. Bascom yìí kan náà ló kọ nípa èsúsú wa ní 1952. Ẹ̀yin tí ẹ ń dá njangi pẹ̀lú àwọn aládùúgbò wa ní ọjà, ẹ lè sọ fún wọn pé tiwa náà ti wọ ìwé tipẹ́tipẹ́.

Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe rò pé oúnjẹ ilé kò yí padà rí kí a tó dé ìdálẹ̀. Àgbàdo, ẹ̀gẹ́, ata àti tòmátì, òdìkejì òkun ni gbogbo wọn ti wá, lẹ́yìn tí àwọn Potogí bẹ̀rẹ̀ sí í ná etíkun wa. Àwọn Àgùdà tí wọ́n padà bọ̀ láti Brazil ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún wà lára àwọn tó tan gàrí kálẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí àgbàlagbà kan bá fi ẹnu kan ẹ̀bà lẹ́nu, tó sì ń bínú pé ọmọ òun ń jẹ miondo, inú la fi máa ń rẹ́rìn-ín.

Orúkọ orílẹ̀-èdè tí a wà yìí gan-an, láti inú ọbẹ̀ ló ti jáde. Nígbà tí àwọn Potogí dé odò Wouri ní ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún, wọ́n rí edé tó pọ̀ yanturu nínú omi, wọ́n sì pe odò náà ní Rio dos Camarões, èyíinì ni odò edé. Ibẹ̀ ni Kamẹrúùnù ti wá. Edé tí a ń gún sínú ẹ̀fọ́ ní ilé, òun náà ni àwọn ará ibí ń pè ní njanga.

Ní oṣù keje 1884, àwọn ọba Duala tọwọ́ bọ ìwé pẹ̀lú àwọn Jámánì. Ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà, àwọn Jámánì fẹ́ gba ilẹ̀ àwọn onílẹ̀ lẹ́bàá odò, wọ́n sì so Rudolf Duala Manga Bell tó takò wọ́n rọ̀ ní 8 oṣù kẹjọ 1914. New Bell tí wọ́n ní kí àwọn Duala kó lọ ló padà di ibùgbé àwọn àlejò, Hausa, Yorùbá, Ìgbò àti àwọn mìíràn. Lẹ́yìn ogun, Faransé mú apá tó pọ̀ jù, Gẹ̀ẹ́sì mú apá ìwọ̀-oòrùn, wọ́n sì ń darí rẹ̀ mọ́ Nàìjíríà. Èyí ló jẹ́ kí àwọn bàbá wa lè wọkọ̀ láti Calabar lọ sí Tiko àti Victoria, tí wọ́n ń pè ní Limbe láti 1982, kí wọ́n tó rékọjá sí Douala. Ní 1 oṣù kẹwàá 1961 ni apá gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà dara pọ̀ mọ́ Kamẹrúùnù. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn bàbá wa ló sùn ní ilé ọmọ ìyá, tí wọ́n jí ní ìlú òkèèrè láìgbé ẹsẹ̀.

Àwọn àgbà tí a bá níbí sọ fún wa pé ọkùnrin láìsí aya ni àwọn tó kọ́kọ́ dé. Ẹni mẹ́fà á dá owó ra ìkòkò kan. Ọbẹ̀ ata ni ní ọjọ́ Ajé, ọbẹ̀ ata ni ní ọjọ́ Ẹtì. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá dùn díẹ̀ ni wọ́n á yọ̀ǹda kúrò nínú gbígbé ẹrù kó lè tètè wá dáná. Nígbà tí àwọn ìyàwó bẹ̀rẹ̀ sí í dé ni ìkòkò pín sí yàrá kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n abọ́ kò dúró sí yàrá kan.

Àwa dé ní 1989, a jẹ́ ọmọ ìkọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tí ń ta ọjà ilé. Àgbàlá tí a gbé ní Bassa ní yàrá mẹ́jọ àti ẹ̀rọ omi kan. Bassa ni ìyá àgbà tó wà ní yàrá àkọ́kọ́, Màmá ni gbogbo wa ń pè é. Àwọn Bamiléké wà níbẹ̀, Ìgbò kan wà níbẹ̀, ilé Yorùbá sì jẹ́ mẹ́ta. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, Màmá gbé abọ́ kan wá fún wa. Ẹ̀fọ́ ni, ó dúdú díẹ̀, ẹ̀pà lílọ̀ bò ó, edé àti ẹran wà nínú rẹ̀. Wọ́n ní ndolé ni. Ẹ̀rù bà wá, nítorí kí a tó kúrò ní ilé, ìyá wa ti kìlọ̀ pé ọ̀nà ọ̀fun ni ọ̀nà ọ̀run. Ìyàwó ọ̀gá wa fi ìka kan tọ́ ọ wò. Ó dákẹ́. Ó tún tọ́ ọ wò. Ó wá pariwo pé, "Ewúro mà ni! Ewúro tiwa yìí náà ni!" Ewúro ni lóòótọ́. Bí a ṣe ń fọ̀ ọ́ kí kíkorò rẹ̀ lè dín kù ní ilé, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń fọ̀ ọ́ níbí. Àwa a fi ẹ̀gúsí sí i, àwọn a fi ẹ̀pà sí i.

Láti ọjọ́ náà la ti bẹ̀rẹ̀ sí í rí mọ̀lẹ́bí nínú ìkòkò ẹlòmíràn. Koki tí wọ́n ń dì sínú ewé, ẹ̀wà lílọ̀ àti epo pupa ni, móínmóín sì ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ̀gúsí ni wọ́n ń pè ní pistache. Gàrí ni wọ́n ń pè ní tapioca, ohun tó fa ẹ̀rín púpọ̀ ní ọjọ́ tí a kọ́kọ́ lọ rà á. Mbongo tchobi ti àwọn Bassa ló ṣòro fún wa jù, nítorí ọbẹ̀ náà dúdú bí èédú, a rò pé ó ti jóná ni. Èròjà tí wọ́n ń sun kí wọ́n tó lọ̀ ọ́ ló ń fún un ní àwọ̀ yẹn, ìbátan atare sì ni èso mbongo tí wọ́n fi ń ṣe é. Àwọn náà gba tiwa díẹ̀díẹ̀. Ewédú nìkan ni Màmá kọ̀ jálẹ̀. Ó ní òun kò lè jẹ ohun tó ń sá fún ọwọ́.

Ní 1991, àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú alátakò pe ìyanṣẹ́lódì tí a mọ̀ sí villes mortes. Fún oṣù mélòó kan, ọ̀pọ̀ ọjọ́ nínú ọ̀sẹ̀ ni ọjà fi ń tì pa ní Douala. Òpin ọ̀sẹ̀ la máa ń sáré tà. Oníṣòwò tí kò tajà kò ní owó ọbẹ̀. Nínú àgbàlá wa, ilé Yorùbá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pa ìkòkò pọ̀: ẹni tó ní gàrí mú gàrí wá, ẹni tó ní epo mú epo wá. Màmá ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà láti oko àbúrò rẹ̀. Bí a ṣe la ọdún náà já nìyẹn.

Èyí tó le ju bẹ́ẹ̀ lọ dé ní 11 oṣù kìíní 1994. Ní ọjọ́ náà, wọ́n dín iye owó sẹfà kù sí ìdajì. Faransé kan tí a ń fi àádọ́ta sẹfà rà tẹ́lẹ̀ di ọgọ́rùn-ún. Ọjà tó ń bọ̀ láti òkè òkun gbówó lórí. Ó sì bá àwọn oníbàárà wa lórí ìdùbúlẹ̀, nítorí ìjọba ti gé owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì ní 1993. Ìwé gbèsè wa kún, àpótí wa ṣófo. A ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó nígbà náà, ọmọ wa àkọ́kọ́ kò tíì pé oṣù mẹ́ta.

A ó sọ òtítọ́ ohun tí a ṣe. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni àwa àti ìyàwó wa fi ń rẹ gàrí mu lálẹ́. Bí wọ́n bá béèrè ní ìdí ẹ̀rọ omi pé kí la sè, ìyàwó wa á dáhùn pé, "Àmàlà àti ewédú ni o." Àwa la ní kó máa sọ bẹ́ẹ̀. A kò fẹ́ kí ìròyìn dé ilé pé ọmọ tó lọ ṣòwò ní Kamẹrúùnù ń mu gàrí. Àwọn ará ilé Yorùbá yòókù gbà wá gbọ́. Bóyá àwọn náà ń parọ́ tiwọn, a kò mọ̀ títí di òní.

Màmá kò béèrè ohunkóhun. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ó gbé ìkòkò mbongo àti ìdì miondo kan wọ yàrá wa, ó gbé e sílẹ̀. A ní, "Màmá, a ti jẹun." Ó wo ìyàwó wa tó gbé ọmọ sí ọmú, ó ní, "Ọmọ mi, ààrò yín kò rú èéfín láti ìjẹta." Ó jáde lọ. Bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, wọ́n ní ìṣẹ́ bùṣe, ṣùgbọ́n ní alẹ́ náà, ojú ló tì wá ju ebi lọ. Mbongo ọ̀hún dùn.

A sọ ọ̀rọ̀ èéfín yìí nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà náà, igi ni a fi ń dáná ní gbangba àgbàlá. Kò sí bí ènìyàn ṣe lè fi ebi pamọ́ fún aládùúgbò tó bá ní ojú. Nígbà tó fi máa di ọdún 2000 sí 2005, nǹkan ti sàn fún ọ̀pọ̀ nínú wa. A kúrò ní àgbàlá, a gba ilé tó ní ilé ìdáná nínú, ilẹ̀kùn irin, ògiri gíga. Gáàsì la fi ń dáná. Gáàsì dára, kì í ba ojú jẹ́, kì í sì í ba ìkòkò jẹ́. Ṣùgbọ́n kì í rú èéfín. Abọ́ kò jáde mọ́. Ìpàdé oṣooṣù nìkan la ti ń rí ara wa, gbogbo wa á wọ aṣọ tó dára wá.

Ní 2006, ọmọ ẹgbẹ́ wa kan tó ń dá gbé dùbúlẹ̀ àìsàn nínú yàrá rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko, kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Onílé rẹ̀ ló já ilẹ̀kùn. Nígbà tí a gbé e dé ilé ìwòsàn, ó ti pẹ́. Ó kú ní ọjọ́ kejì. A ṣe gbogbo ohun tí ẹgbẹ́ ń ṣe: a dá owó, a gbé òkú rẹ̀ dé ilé. Ìyá rẹ̀ kò béèrè owó, kò béèrè ẹrù. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, kí ló jẹ kẹ́yìn? Ta ló bá a jẹ ẹ́?" Àwa mẹ́rin la dúró níwájú rẹ̀. Kò sí ẹni tó lè dáhùn.

Ìgbà tí a padà dé ni àwọn obìnrin ẹgbẹ́ bẹ̀rẹ̀ ohun tí ẹ wá mọ̀ sí ìwé alẹ́. Wọ́n pín wa sí àdúgbò mẹ́rin, obìnrin kan ń mójú tó ọ̀kọ̀ọ̀kan. Láti aago méje sí mẹ́sàn-án alẹ́, ilé kọ̀ọ̀kan á sọ ohun tó sè, á sì kọ ọ́ sínú ìwé. Owó fóònù wọ́n nígbà náà, nítorí náà fíláàṣì ni ọ̀pọ̀ máa ń ṣe, ẹni tó ń mójú tó wọn á sì pè padà. Ilé tí a kò bá gbúròó rẹ̀ fún alẹ́ méjì, ẹnìkan gbọ́dọ̀ débẹ̀ ní ọjọ́ kẹta, kì báà jẹ́ pé òjò ń rọ̀.

Àwa ọkùnrin la kọ́kọ́ takò ó. Ọ̀kan nínú wa dìde ní ìpàdé, ó ní, "Ìkòkò ilé mi kì í ṣe ti ẹgbẹ́." Kò parọ́, àṣírí ilé ni oúnjẹ. Àwọn obìnrin dáhùn pé àwọn kò ní ka ìwé náà sí etí ẹnikẹ́ni, wọn kò sì ní fi han ọkọ kankan. Wọ́n mú ìlérí náà ṣẹ. Àwa alága pàápàá, a tọrọ àyè lọ́wọ́ wọn kí a tó kọ èyí, wọ́n sì ní kí a má dárúkọ ilé kankan.

Kò tíì pé ọdún méjì tí ìwúlò rẹ̀ fi hàn. Ní 25 oṣù kejì 2008, àwọn awakọ̀ da iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí owó epo, ó sì di rògbòdìyàn. Wọ́n ń jó táyà lójú títì, wọ́n ń yìnbọn, ọjà tì. Nínú ìwé alẹ́ ọ̀sẹ̀ yẹn, ẹ ó rí "ìrẹsì", ẹ ó rí "ìrẹsì láìsí ẹja", lẹ́yìn náà "ẹ̀kọ nìkan". Ibi tí wọ́n kọ "ẹ̀kọ nìkan" sí ni àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ gba ẹ̀yìnkùlé gbé gàrí lọ. Ní oṣù kẹta ọdún náà, ìjọba dín owó orí ìrẹsì àti ẹja tó ń ti òkèèrè wọlé kù. Ẹja padà sínú ìwé wa díẹ̀díẹ̀.

Láàárín 2019 sí 2020 ni èlùbọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ nínú ìwé náà pátápátá. Nàìjíríà ti ẹnubodè orí ilẹ̀ ní oṣù kẹjọ 2019. Ọ̀nà Mamfe kò dára láti rìn nítorí ìjà tó ń lọ ní agbègbè tí wọ́n ti ń sọ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí Kòrónà dé ní oṣù kẹta 2020, Kamẹrúùnù náà ti tirẹ̀. Àwọn ìyá wa ra iṣu, wọ́n bọ̀ ọ́, wọ́n sá a sórí páànù. Ṣùgbọ́n òjò tó ń rọ̀ sí Douala lọ́dún ju mítà mẹ́ta lọ. Ìgbà tí iṣu ì bá fi gbẹ ló hu olú. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n wá bẹ́ kéékèèké, wọ́n fi gbẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná, wọ́n lọ̀ ọ́, wọ́n sì rò ó bí àmàlà. Ní 16 oṣù kejìlá 2020 ni Nàìjíríà ṣí ẹnubodè Mfum padà.

Èyí ni ọ̀sẹ̀ kan nínú oṣù kẹrin 2020, láti àdúgbò kan ṣoṣo. Ọjọ́ Ajé: ẹ̀bà, ọbẹ̀ ilá, ẹja tútù. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun: ìrẹsì àti ẹ̀wà, ọkọ kò rí iṣẹ́ ṣe. Ọjọ́rú: ndolé láti ọ̀dọ̀ aládùúgbò, a fi dòdò san án. Ọjọ́bọ̀: àmàlà ọ̀gẹ̀dẹ̀, ọmọ kò jẹ ẹ́, ó ní couscous ni òun fẹ́. Ọjọ́ Ẹtì: ẹ̀kọ, mo ń gbààwẹ̀. Ọjọ́ Àbámẹ́ta: wọn kò gbé fóònù. Ọjọ́ Àìkú: mo lọ síbẹ̀, ibà ni, mo gbé ọbẹ̀ lọ.

Ẹni tó kọ ìlà tó gbẹ̀yìn yẹn ṣì wà láàárín wa, ẹni tó ní ibà náà sì wà. Ìwé tó wà lọ́wọ́ àwọn obìnrin báyìí ni ìkọkànlá, méjì àkọ́kọ́ ti jẹ òjò díẹ̀, a sì ń wá ẹni tí yóò bá wa tún un dà kọ. Àwọn ọmọ tó mọ Yorùbá kọ, kí wọ́n jọ̀wọ́ wá rí akọ̀wé ẹgbẹ́ lẹ́yìn ìpàdé.

Màmá ti kú. Ọmọbìnrin rẹ̀ ń ta bobolo nítòsí Ndokoti. Ní alẹ́ tí a parí àkọsílẹ̀ yìí, ilé wa sè ọbẹ̀ ewúro, ìyàwó wa fi ẹ̀pà àti ẹ̀gúsí sí i pọ̀. Aago mẹ́jọ ti kọjá, ilé méjì ló kù tí a kò tíì gbúròó.